Orí Kẹrin: Karin, Massalia àti Kòtò Eléyowó

Ní òru mọ́jú Sátidé, ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2020, ìró ńlá kan dún ní Eléyowó, lójú ọ̀nà tó ti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀, nítòsí pápákọ̀ òfurufú. Nǹkan bí aago kan òru ni. Ògiri wó, páànù ṣí lórí ilé, ṣọ́ọ̀ṣì kan àti ilé ẹ̀kọ́ kan di àlàpà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, títì ọlọ́dà ti já sí méjì, kòtò ràgàjì ló wà láàárín rẹ̀. Ẹ̀rù ti ń ba aráàlú tẹ́lẹ̀: àrùn Kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Nàìjíríà, ìbúgbàmù Abúlé Àdó ní Èkó kò sì tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìtàn méjì ti gba ìgboro. Gómìnà Rótìmí Akérédolú sọ pé ọkọ̀ tó ń kó ohun abúgbàmù lọ sí ibi ìpamọ́ kan ní ìpínlẹ̀ tó múlé tì wá ló gbiná lójú ọ̀nà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adékúnlé Adépẹ̀lúmi, onímọ̀ físíìsì ilẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, lọ síbẹ̀, ó wọn kòtò náà, ó ní fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 21, jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ mítà 7.8. Èrò tirẹ̀ ni pé òkúta kan ló ti òfurufú wá bà síbẹ̀. Àwọn kan gba ti ìjọba gbọ́, àwọn mìíràn ní ìjọba ń bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè tí orí ìwé yìí fẹ́ dáhùn kò mọ sórí ẹni tó jàre. Ó kan ohun tí a fi ń mọ ẹni tó jàre. Lóòótọ́ ni òkúta ń ti òfurufú já bọ́. A mọ ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá, a mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé, a sì mọ irú ẹ̀rí tí wọ́n ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ gbogbo èyí kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wo ẹnu gómìnà tàbí ẹnu ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹdùn àrá àti òjò òkúta L'Aigle

Ọ̀rọ̀ pé òkúta ń já láti òkè kì í ṣe tuntun létí Yorùbá. Àwọn baba wa ní bí Ṣàngó bá sán àrá, ẹdùn àrá ló ń sọ sílẹ̀. Oníṣàngó a wá a lọ síbi tí àrá ti sán, a wú u, a sì gbé e sórí odó Ṣàngó lójúbọ. Òkúta dídán ni, ó sì lẹ́nu bí àáké. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti yẹ irú òkúta bẹ́ẹ̀ wò káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àáké gidi ni wọ́n: ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ wọn, tó lọ̀ wọ́n dán, nígbà tí irin kò tíì dé. Òjò ńlá tó ń bá àrá rìn máa ń wọ́ ilẹ̀ kúrò lórí wọn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ìjì ni wọ́n sábà máa ń fojú hàn.

Ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ kò ní láti rìn jìnnà kó tó dé ibi tí irú àáké bẹ́ẹ̀ ti jáde. Ní Ihò Eléérú, ẹ̀bá Ìsàrun, Thurstan Shaw àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ walẹ̀ lọ́dún 1965. Nísàlẹ̀, wọ́n kan egungun ènìyàn tó ti lé ní 11,000 ọdún. Ní àwọn ìpele tó wà lókè, wọ́n rí àáké òkúta tí a lọ̀ lẹ́nu pẹ̀lú àpáàdì ìkòkò. Ayé ni àáké wọ̀nyẹn ti wá.

Bí àwọn tiwa ṣe gbà pé òkúta ń já, àmọ́ tó jẹ́ pé èyí tí wọ́n gbé dání kò já láti ibì kankan, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ṣe ń sẹ́ pé òkúta kan kò lè ti òkè wá, nígbà tí èyí tó ti òkè wá gan-an wà nínú àpótí wọn. Lọ́dún 1794, Ernst Chladni, ará Jámánì, kọ ìwé kékeré kan pé àwọn òkúta àti irin kan ń wọ ayé láti òfurufú. Ọ̀pọ̀ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1803, òkúta tó lé ní 3,000 rọ̀ sílẹ̀ ní ìlú L'Aigle ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n rán Jean-Baptiste Biot, ọ̀dọ́ onímọ̀ físíìsì, pé kó lọ wádìí.

Iṣẹ́ Biot yẹ kí a kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Ó bi àgbẹ̀, àlùfáà àti aráàlú léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ wọn wéra. Ó kó òkúta jọ, ó rí i pé gbogbo wọn jọra, tí kò sì sí irú wọn nínú àpáta agbègbè náà. Ó ya àwòrán ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ́ sí, gbogbo rẹ̀ sì wà nínú àlà kan tó gùn bí ẹyin. Láti ọjọ́ náà ni àríyànjiyàn ti tán. Ẹ̀rí méjì ló parí rẹ̀: ọ̀rọ̀ àwọn tó rí i, àti òkúta náà fúnra rẹ̀.

Láàárín Máàsì àti Júpítà

Ọdún méjì ṣáájú òjò òkúta L'Aigle ni wọ́n ti rí ibi tó ti wá láìmọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1801, Giuseppe Piazzi rí ìmọ́lẹ̀ kékeré kan láti ìlú Palermo ní Ítálì, tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀. Ceres ni wọ́n sọ ọ́. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 940, ó sì ń yí oòrùn po láàárín Máàsì àti Júpítà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n rí òmíràn, àti òmíràn, títí wọ́n fi mọ̀ pé ọ̀wọ́ ńlá ni. Àwọn la mọ̀ sí ásítẹ́rọ́ìdì. Àwọn tí fífẹ̀ wọn ju kìlómítà kan lọ nínú ọ̀wọ́ náà lé ní mílíọ̀nù kan. Síbẹ̀, bí a bá kó gbogbo wọn jọ, ìwọ̀n wọn kò tó ìdá kan nínú ogún ti òṣùpá. Òkúta tó ṣẹ́kù nígbà tí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ń kóra jọ ni wọ́n, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ ọdún sẹ́yìn. Agbára òòfà Júpítà kò sì jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra di pílánẹ́ẹ̀tì.

Ogúnlọ́gọ̀ ìwé ló sọ̀rọ̀ Ceres. Àwọn tó kàn wá jù ni àwọn tí ènìyàn kì í dárúkọ.

Àkọ́kọ́ ni Massalia. Annibale de Gasparis rí i láti Naples ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1852. Ní òru ọjọ́ kejì, Jean Chacornac náà rí i láti Marseille láìgbọ́ ti ẹnìkejì. Ogún ni nọ́ńbà tí wọ́n fún un nínú ìwé orúkọ ásítẹ́rọ́ìdì, orúkọ àtijọ́ ìlú Marseille ni wọ́n sì sọ ọ́. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 140. Bí a bá gbé e kalẹ̀ sílẹ̀ wa, tí etí rẹ̀ kan bá wà ní Àkúrẹ́, etí kejì yóò dé Ìbàdàn. Wákàtí mẹ́jọ àti díẹ̀ ni ó fi ń yí ara rẹ̀ ká, ó sì ń lò tó ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́sàn-án láti yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó bá sún mọ́ wa dáadáa, awò olójú méjì tí a fi ń wo ẹyẹ lè gbé e wá sójú ẹni, bí a bá mọ ibi tí a ó kọjú sí tí ọyẹ́ kò sì bo ojú ọ̀run.

Ìkejì kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Karin ni.

Karin, ọmọ ìdílé tó kéré lọ́jọ́ orí

Max Wolf ló rí Karin láti Heidelberg ní Jámánì, lọ́dún 1916. Òun ni ásítẹ́rọ́ìdì kẹ 832 tó wọ ìwé orúkọ. Karin Månsdotter, ayaba Sweden ìgbà kan, ni wọ́n fi sọ lórúkọ. Fún nǹkan bí 80 ọdún lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Kò tóbi: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 17, bí ẹyẹ bá fò láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè, ó ti kọjá rẹ̀ já. Ó jìnnà sí oòrùn tó mílíọ̀nù 430 kìlómítà, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ìjìnnà tiwa. Ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́wàá ló fi ń yí oòrùn po. Ọjọ́ kan níbẹ̀, láti ìyípo kan dé èkejì, kò ju wákàtí 18 àti díẹ̀ lọ. Awò olójú méjì kò lè rí i. Awò awọ̀nàjíjìn ńlá ló ń ká a mọ́.

Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà lára rẹ̀ fi hàn pé òkúta líle tó ní irin díẹ̀ nínú ni, kì í ṣe yìnyín, kì í sì í ṣe irin ògidì. Agbára òòfà rẹ̀ kéré débi pé, bí a bá fi ìwúwo òkúta irú rẹ̀ ṣírò, ẹni tó wọn kílógíráàmù 70 lórí òṣùwọ̀n ní Oǹdó yóò wọn nǹkan bíi gíráàmù 40 lórí òṣùwọ̀n kan náà ní Karin. Ọ̀kadà tó bá ń sá kìlómítà 40 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ rẹ̀, bó bá gba orí òkìtì kan fò sókè, kò ní padà wálẹ̀ mọ́.

Ohun tó sọ Karin di ẹni pàtàkì ni iṣẹ́ tí David Nesvorný àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2002. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ọ̀wọ́ àwọn ásítẹ́rọ́ìdì kéékèèké kan ń rìn ní ọ̀nà tó fara jọ ti Karin gidigidi. Wọ́n wá fi kọ̀ǹpútà dá ìrìn wọn padà sẹ́yìn, ọdún lórí ọdún, pẹ̀lú gbogbo bí Júpítà àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì yòókù ṣe ń fà wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń lọ sẹ́yìn ni ọ̀nà wọn ń sún mọ́ra, títí gbogbo rẹ̀ fi pàdé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.8 ọdún sẹ́yìn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló lè fa irú ìpàdé bẹ́ẹ̀: òkúta kan ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀, òmíràn kọlù ú, ó fọ́, Karin sì ni ẹ̀là tó tóbi jù. Bí 5.8 mílíọ̀nù ọdún ṣe pọ̀ tó lójú wa, lójú oòrùn àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ti lo bílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀, àná ni.

Karin pẹ̀lú ti jẹ́ kí a rí bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń yẹ ara wọn wò. Lọ́dún 2003, àwọn onímọ̀ ará Jàpáàn fi Subaru, awò ńlá wọn ní Hawaii, wò ó, wọ́n sì kéde pé ó ní ojú méjì: ẹ̀gbẹ́ kan ti gbó sínú oòrùn, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì tutù bí ibi tí òkúta ti ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ìtàn náà dùn gbọ́, ó sì bá ti fífọ́ mu. Ṣùgbọ́n Clark Chapman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún un wò, wọ́n tẹ̀lé e bó ṣe ń yí, wọ́n kò sì rí ìyàtọ̀ kankan láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Wọ́n kọ ọ́ jáde lọ́dún 2007. Kò sẹ́ni tó bú ẹnìkejì. Ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn bá tún wò tí kò rí, a kì í gbé e dání.

Bí òkúta ṣe ń ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa

Kí ni ó kan ará Àkúrẹ́ tàbí ará Oǹdó nínú òkúta tó fọ́ ní ìjìnnà bẹ́ẹ̀? Ohun tó kàn án ni pé àwọn ẹ̀là kéékèèké kò dúró síbi tí wọ́n wà.

Oòrùn ló ń kọ́kọ́ ṣí wọn nípò. Ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń pa á gbóná. Bí òkúta náà ti ń yí, ẹ̀gbẹ́ yẹn á bọ́ sí ìrọ̀lẹ́, á sì máa tú ooru rẹ̀ sílẹ̀. Ooru tó ń jáde náà ń ta òkúta nípàá díẹ̀. Ìtàpá náà kéré ju èyí tí ọwọ́ lè mọ̀, àmọ́ bó bá ń ṣe é fún mílíọ̀nù ọdún, òkúta tí kò ju ilé kan lọ á ti kúrò lójú ọ̀nà tó ń tọ̀ tẹ́lẹ̀. Ivan Yarkovsky ló kọ́kọ́ ronú kan èyí, ní nǹkan bí 1900.

Lẹ́yìn náà ni Júpítà á gbà á. Láti ọdún 1866 ni Daniel Kirkwood ti kíyè sí i pé àlàfo wà láàárín àwọn ásítẹ́rọ́ìdì. Níbi tí òkúta bá ti ń yí oòrùn po lẹ́ẹ̀mẹta kí Júpítà tó yí i po lẹ́ẹ̀kan, fífà Júpítà máa ń bá a níbì kan náà lemọ́lemọ́, á sì na ọ̀nà rẹ̀ títí tí yóò fi máa kọjá lójú ọ̀nà Máàsì, kó tó wá dé tiwa. Irú àlàfo bẹ́ẹ̀ mìíràn wà nítòsí Karin, níbi tí ìyípo márùn-ún ti bá méjì ti Júpítà mu.

Lóṣù Kẹwàá ọdún 2024, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí Miroslav Brož àti Michaël Marsset wà nínú wọn gbé iṣẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n ní nǹkan bí 70 nínú 100 àwọn òkúta tó ń já sórí ilẹ̀ ayé ló ti inú ìdílé mẹ́ta péré wá: ìdílé Karin, ìdílé Koronis tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, àti ìdílé Massalia. Ẹ̀rí tó bá a mu wà nínú àwọn òkúta fúnra wọn. Nígbà tí òkúta bá wà ní gbangba òfurufú, ìtànṣán tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá máa ń sàmì sí i lára, a sì lè ka àmì náà bí ọjọ́ orí. Nínú ẹ̀yà òkúta tó kún fún irin jù, ọ̀pọ̀ ti wà ní gbangba fún bíi mílíọ̀nù méje sí mẹ́jọ ọdún, èyí tó bá ìgbà tí ìdílé Karin àti ti Koronis fọ́ mu. Òkúta L'Aigle wà nínú ẹ̀yà mìíràn, tí àwọn onímọ̀ náà so mọ́ Massalia. Òjò òkúta tí Biot kó jọ lọ́dún 1803 ti wá ní ilé tí a lè dárúkọ.

Àwọn tó ti já sí Nàìjíríà

Nàìjíríà kò ṣàìgba tirẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1962, àgbẹ̀ kan ń lé ẹyẹ kúrò nínú oko àgbàdo rẹ̀ ní Zagami, ní Kàtsínà, nígbà tó gbọ́ ìró ńlá. Òkúta tó wọn nǹkan bíi kílógíráàmù 18 já sílẹ̀ ní ìwọ̀nba ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí i. Àyẹ̀wò fi hàn nígbà tó yá pé ọ̀nà Máàsì ni ó ti wá: ohun kan ló kọlu pílánẹ́ẹ̀tì náà, tí ẹ̀là rẹ̀ sì fò bọ́ síta. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 1984, òmíràn já sí agbègbè Gujba, tó ti di ara ìpínlẹ̀ Yòbè báyìí. Tó kílógíráàmù 100 ni, ó kún fún ìlẹ̀kẹ̀ irin kéékèèké, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ṣọ̀wọ́n jù láyé. Àwọn ará ibẹ̀ fi òòlù fọ́ ọ kó tó dọ́wọ́ àwọn onímọ̀.

Ẹ fi ọkàn sí ihò tí Zagami gbẹ́: kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Òkúta kílógíráàmù 18, tó ti Máàsì wá, ihò tí ọmọdé lè dúró sí títí dé ìbàdí ni ó gbẹ́. Atẹ́gùn ló fà á. Òkúta kéékèèké ń wọ òfurufú wa pẹ̀lú eré tó ju kìlómítà 11 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń dá wọn dúró lókè, tí wọ́n á fi wá já sílẹ̀ bí òkúta tí ènìyàn jù láti orí òkè gíga.

Kòtò Eléyowó níwájú ẹ̀rí

Nísinsìnyí a lè padà sí ojú ọ̀nà Ọ̀wọ̀.

Kòtò fífẹ̀ mítà 21 kì í ṣe ohun tí òkúta ọ̀run kò lè gbẹ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, òkúta kan gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ tó mítà 13 ní Carancas, ní orílẹ̀-èdè Peru. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ àwọn ènìyàn rí iná tó ń sá lójú ọ̀run, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró abẹ́lẹ̀ ní Bolivia gbọ́ ọ, ẹ̀là òkúta náà sì wà káàkiri etí kòtò. Ní Kamil, ní aginjù Íjíbítì, kòtò kan wà tó fẹ̀ ní mítà 45. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀là irin ló yí i ká. Ní Bosumtwi nílẹ̀ Gánà, níbi tí kòtò ti fẹ̀ ní kìlómítà mẹ́wàá ààbọ̀ tó sì ti di adágún, ohun tó kọlù ú ní bíi mílíọ̀nù kan ọdún sẹ́yìn ti pòórá, ṣùgbọ́n ó fi àmì ìfúnpọ̀ sínú àpáta, irú tí iná abẹ́ ilẹ̀ kò lè fi síbẹ̀, gíláàsì tó yọ́ níbẹ̀ sì fò dé Côte d'Ivoire.

Ní ìlú Chelyabinsk ní Rọ́ṣíà, ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2013, òkúta tí òun fúnra rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 20 wọ òfurufú. Ó fọ́ ní nǹkan bíi kìlómítà 30 lókè. Ìró rẹ̀ fọ́ fèrèsé, ó sì ṣe ènìyàn bíi 1,500 léṣe. Ẹ̀là rẹ̀ tó tóbi jù já sínú adágún tó ti di yìnyín, ihò mítà méje sí mẹ́jọ péré ló dá sí i. Òkúta tó bá máa gbẹ́ mítà 21 sójú títì Àkúrẹ́ gbọ́dọ̀ tóbi, kó le, kó sì wọlé pẹ̀lú iná tí kò ní fara pa mọ́.

Kí ni ará Oǹdó ìbá ti rí lóru ọjọ́ náà? Láti Oǹdó sí Àkúrẹ́ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 42 lọ bí ẹyẹ ti ń fò. Iná tó bá là lókè Àkúrẹ́ ní gíga kìlómítà 30 kò ní wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀run lójú ará Oǹdó. Òkè ni yóò ti tàn, òjìji ilé yóò sì hàn gbangba lágbàlá láago kan òru. Lẹ́yìn ìmọ́lẹ̀ náà, ó máa lé ní ìṣẹ́jú méjì kí ìró tó dé. Ará Ilé-Ifẹ̀, ará Ọ̀wọ̀, ará Èkìtì àti ará Bìní náà ìbá rí i. Irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ ti àdúgbò kan ṣoṣo. Ohun tí àwọn ènìyàn ròyìn lẹ́yìn ọjọ́ náà ni ìró, ilẹ̀ tó mì àti ilé tó wó, gbogbo rẹ̀ sì yí Eléyowó ká.

Ẹ̀rí kejì ni òkúta. Ìwé kan wà tí àwọn onímọ̀ àgbáyé fi ń ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo òkúta ọ̀run tí àyẹ̀wò ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Zagami wà níbẹ̀, Gujba wà níbẹ̀, Udei Station tó jẹ́ irin tó já ní Bénúè lọ́dún 1927 wà níbẹ̀. Àkúrẹ́ kò sí níbẹ̀.

Fífẹ̀ àti jíjìn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adépẹ̀lúmi wọ̀n wúlò. Ṣùgbọ́n ìrísí kòtò nìkan ti tan àwọn tó gbọ́n jù wá jẹ rí. Lọ́dún 1891, Grove Karl Gilbert, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá onímọ̀ ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, yẹ kòtò ńlá Arizona wò, ó ní ooru abẹ́ ilẹ̀ ló bú jáde. Òkúta ọ̀run sì ni. Ìbúgbàmù àti òkúta ọ̀run jọ ń gbẹ́ kòtò roboto, nítorí agbára tó tú jáde lójijì ló ń gbẹ́ ẹ nínú méjèèjì. Ohun tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni òkúta àti ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí méjèèjì kò sí, tí ìjọba sì ròyìn ọkọ̀ ohun abúgbàmù lójú ọ̀nà náà lóru ọjọ́ náà, ìdájọ́ kò ṣòro: ìbúgbàmù ni, kòtò Eléyowó kì í ṣe iṣẹ́ òkúta ọ̀run.

Bí tiwa bá já lọ́la

Ìyẹn kò sọ pé òkúta ọ̀run kò lè já sí ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó lè já, kó sì wà nínú igbó kòkó tí ẹnìkan kò mọ̀. Bí o bá rí òkúta tó ń ṣe ọ́ ní kàyéfì, wo àwọn ohun wọ̀nyí. Òkúta ọ̀run tuntun máa ń ní èèpo dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò nípọn ju mílímítà kan lọ, níbi tí iná ti jó o. Inú rẹ̀ kì í ní ihò bíi ti kànrìnkàn. Ó máa ń wúwo ju òkúta tó bá a dọ́gba lọ, mágínẹ́ẹ̀tì sì sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn tó ń tan ni jẹ pọ̀ ní agbègbè wa. Ìdàrọ́ tí àwọn tó ń yọ́ irin láyé àtijọ́ dà nù wúwo, ó dúdú, àmọ́ ihò kún inú rẹ̀. Àpáta dúdú tó wà káàkiri Àkúrẹ́ láàárín òkúta akọ náà wúwo, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ wa ló ti wá, èèpo iná kò sí lára rẹ̀.

Má fi òòlù fọ́ ọ bí wọ́n ti ṣe ní Gujba. Ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà, kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, fi ọ̀rá mímọ́ wé e, kí o sì gbé e lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní FUTA.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù, sí FUTA fúnra rẹ̀ àti sí Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ní Oǹdó. FUTA kì í ṣe àlejò sí òfurufú: sátẹ́láìtì kékeré NigeriaEduSat-1 tí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ sí gòkè lóṣù Kẹfà ọdún 2017. Ní ilẹ̀ Faransé àti Ọsirélíà, wọ́n to kámẹ́rà káàkiri tó ń wo gbogbo ojú ọ̀run mọ́jú. Bí kámẹ́rà méjì tó jìnnà síra bá ya iná kan náà, ìṣirò onígun mẹ́ta á sọ bí ó ti ga tó, ibi tó já sí, àti apá ibi tó ti wá láàárín Máàsì àti Júpítà. Àkúrẹ́ sí Oǹdó, kìlómítà 42, tó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà kan lórí òrùlé FUTA, ọ̀kan lórí òrùlé Adéyẹmí, àti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí yóò máa wo àwòrán wọn láràárọ̀: ìyẹn tó láti bẹ̀rẹ̀. Ká ní wọ́n ti wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni, àríyànjiyàn Eléyowó ìbá ti parí kí wọ́n tó jẹun àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀ kí èyí tó ń bọ̀ tó dé.